Ta Ni Yóò Wá Tọrọ Ọmọ́lẹ́wà?

Ọkùnrin náà ní òun wá wọn orí fún fìlà tuntun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ṣí èyí tó wà lórí rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá Benoît ní àdúgbò Sotega, òjò ń kán láti etí fìlà rẹ̀ sí èjìká, ẹ̀wù funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn láyà, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló ránṣẹ́ pe òjò. Ó ga, ó dúdú mìnìjọ̀, eyín rẹ̀ funfun. Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ Bàbá Benoît, tó wà nídìí tábìlì iṣẹ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, wò ó lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin náà sì wù ú. Bó ṣe tètè wù ú yìí gan-an ló mú un fura.

"Ẹ káàsán, mìsíọ̀," ó wí. "Ṣé orí yín ni kí n wọ̀n ni, àbí fìlà yín?"

"Ẹ kúkú wọn méjèèjì pọ̀."

"Ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà a máa bọ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí i, tàbí kí ẹ padà sínú òjò."

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wo títì, ó ti ilẹ̀kùn dé ìdajì, ó wá rọra ṣí fìlà bí ẹni tó ń ṣí ọgbẹ́. Lẹ́yìn etí òsì rẹ̀ ni àpá kan wà. Ó gùn tó ìka àárín, ó tọ́ bí ilà tí wọ́n fi rúlà fà, egungun ibẹ̀ sì jìn sínú débi pé àtàǹpàkò lè jókòó sí i.

"Kí ló ṣe yín níbí?"

"Mo jábọ́ lórí igi máńgòrò, nígbà tí mo wà ní kékeré."

Ọdún mẹ́wàá ni Ọmọ́lẹ́wà ti fi ń fọwọ́ kan orí ọlọ́rí. Ó mọ̀ pé àpá ọmọdé a máa bá orí dàgbà, a fẹ̀, a sì máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀; èyí ṣì ń dán, kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó fi téèpù yí orí ọkùnrin náà ká, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, ó sì kọ irọ́ náà sínú ọkàn.

Ọdún 1975 ni. Owó epo rọ̀bì ti wọ Libreville bí omi ṣe ń wọ ọkọ̀ tó lu. Títì tuntun ń là já, ilé alájà púpọ̀ ń yọrí lẹ́bàá òkun, kàtàpílà ń ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń wa mọ́tò lónìí. Láàárín gbogbo èyí ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan, tí tíṣà kan tó ń jẹ́ Jean-Baptiste ń darí, pinnu láti ṣe eré ìrántí ńlá létíkun: bí àwọn tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ṣe tẹ ìlú náà dó, ní ohun tó lé ní ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn. Aṣọ kò ni wọ́n lára, fìlà ni. Jean-Baptiste kò fẹ́ rí fìlà ìsinsìnyí kankan. Ó fẹ́ fìlà koríko tí wọ́n fi ọ̀dà kùn fún àwọn atukọ̀, fìlà gíga aláwọ fún àwọn ọmọ ogun, àti fìlà oníwo méjì fún ọ̀gá ọkọ̀, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń dé wọn láyé ìgbà náà.

Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe ju Bàbá Benoît lọ. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni, Àjàṣẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin Faransé kan tó ń rán fìlà fún àwọn aláṣẹ òyìnbó, kó tó kó ẹrù rẹ̀ wọkọ̀ wá sí Gabon. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Òun ló ń fi ooru omi gbígbóná rọ fẹ́ẹ̀tì, aṣọ líle tí wọ́n fi irun ẹran ṣe, tó sì ń nà án mọ́ orí tí wọ́n fi igi gbẹ́ kó lè gba ìrísí. Ṣùgbọ́n ìparí iṣẹ́, dídán etí fìlà, rírán awọ sí inú rẹ̀, àti mímú un bá orí ẹni tó ni ín mu, ọwọ́ Ọmọ́lẹ́wà ló wà.

Ọmọ́lẹ́wà ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jean-Claude ti bá a dá ọjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n tó gbọ́ pé ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ní Port-Gentil. Àwọn tó ti múra láti kí i kú oríire wá ń wá ohun tí wọn yóò fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹni tí ejò bù jẹ rí kì í rí ekòló kó má sá. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin kan bá ní oòrùn ràn, Ọmọ́lẹ́wà á kọ́kọ́ yọjú síta wò ó.

Dieudonné Ayọ̀dé ni ọkùnrin alápàá náà ń jẹ́. Libreville ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bàbá bàbá rẹ̀, káfíńtà láti Ìmẹ̀kọ, ló kọ́kọ́ wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ya àwòrán ọ̀nà fún àwọn tó ń la títì. Faransé ló fi ń lá àlá. Yorùbá rẹ̀ dà bí bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ: ó ń fà á rìn, kò sì tijú.

Ní ọjọ́ tó padà wá fún ìdánwò àkọ́kọ́, ó na àyà, ó ní, "Nínú eré náà, èmi ni ọ̀gá ọkọ."

Ọmọ́lẹ́wà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ọ̀gá àwọn ọkọ? Ìyàwó mélòó lẹ wá ní?"

"Rárá o! Bàtóò! Èyí tó ń lọ lórí omi!"

"Ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀. Ọkọ̀."

"Ọkọ̀." Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan àyà. "Bó bá wá jẹ́ pé ọkọ gan-an ni mo fẹ́ jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn ìyàwó mélòó."

"Kò sí ọ̀kan. Kò sí rí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ọmọ́lẹ́wà, ó gbé e mì. Jean-Claude náà mọ bí wọ́n ṣe ń pa obìnrin lẹ́rìn-ín.

Fìlà oníwo méjì náà kò jókòó lórí Dieudonné. Bí wọ́n bá gbé e lé e báyìí, á rọra yọ̀ sí òsì, síbi tí egungun ti jìn. Onífìlà mìíràn ì bá fún un mọ́ ọn lórí, kó máa ta á. Ọmọ́lẹ́wà tú awọ inú rẹ̀, ó fi òwú àti sílíkì rán ìrọ̀rí kékeré kan, tó rí bí èso ẹ̀wà, tí yóò wọ inú ihò náà wẹ́kú. Kó tó lè rí i rán, ó ní láti fọwọ́ wá ẹsẹ̀ àpá náà kiri léraléra. Lákọ̀ọ́kọ́, Dieudonné fa orí sẹ́yìn. Nígbà kẹta, ó di ojú rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọmọ́lẹ́wà lára, kò sì fẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ Dieudonné kò kúrò ní Sotega. Lónìí ó ní fìlà fún òun lápá ọ̀tún. Lọ́la ó ní rìbọ́nì rẹ̀ kò dọ́gba. Á gbé ẹja yíyan wá pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dì sínú ewé, á jókòó sórí àpótí, á gba búrọ́ọ̀ṣì, á máa bá Ọmọ́lẹ́wà fọ irun fẹ́ẹ̀tì sọ́nà kan ṣoṣo bó ṣe kọ́ ọ. Bàbá Benoît á máa húkọ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Orí ọkùnrin yìí mà ń tóbi, ó sì ń kéré," bàbá náà wí lọ́jọ́ kan tí Dieudonné lọ tán. "Ṣé òṣùpá ló gbé sọ́rùn ni?"

Ọmọ́lẹ́wà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó dẹ pàkúté. Ó ń fi abẹ́rẹ́ gba etí fìlà lọ, kò gbójú sókè, ó ní, "Igi àgbọn tí ẹ ní ẹ jábọ́ lórí rẹ̀ yẹn, ṣé ó ga púpọ̀?"

"Ó ga díẹ̀," Dieudonné fèsì.

"Máńgòrò lẹ pè é lọ́jọ́ kìíní."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ Dieudonné. "Ọmọ́lẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan."

Èsì yìí burú ju irọ́ lọ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ nìkan, ti ta tún ni? Sàfúrátù, ọ̀rẹ́ Ọmọ́lẹ́wà tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ìtàn náà. "Àpá tó tọ́ báyẹn, irin ló dá a," ó wí. "Wọn kì í dédé fi irin lu èèyàn, ọ̀rẹ́ mi. Ó níbi tó lọ. Bóyá lórí ìyàwó oníyàwó."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń rán sínú fìlà tán. Ọmọ́lẹ́wà lọ rà á lọ́dọ̀ Kàsúmù, ẹni tó ń rán bàtà ní àdúgbò Derrière la Prison. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó rí àwọn èèyàn tó tò sẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ kálukú. Dieudonné wà láàárín wọn. Ó sì ti sọ fún Ọmọ́lẹ́wà pé Owendo lòun máa ń wà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀.

Obìnrin kan dúró tì í, arẹwà obìnrin tó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Nígbà tí géètì fẹ́ ṣí, obìnrin náà nawọ́ sókè, ó fa fìlà Dieudonné wálẹ̀ bo etí òsì rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Dieudonné tẹrí sílẹ̀ fún un bí ẹni tó ti mọ́ lára.

Ọmọ́lẹ́wà mọ ohun tí ó jẹ́ láti fọwọ́ kan orí yẹn. Ó di awọ tó rà mọ́ àyà, ó bá ẹ̀yìn ògiri kọjá, kò sì rántí ọ̀nà tó gbà délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Dieudonné dé, ó wọ kóòtù, ó sì di táì, òógùn bò ó. Ó kí Ọmọ́lẹ́wà, kò bèèrè fìlà.

"Lónìí, mi ò wá nítorí fìlà," ó wí. Ó ṣe kedere pé ó ti há ọ̀rọ̀ náà sórí ní Yorùbá láti ilé. "Ọmọ́lẹ́wà, ọkàn mi ti jókòó sọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́ fẹ́ yín sílé."

Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, bóyá omijé ì bá bọ́ lójú Ọmọ́lẹ́wà. Ó ní, "Níbo lẹ wà ní Ọjọ́bọ̀?"

"Ní Owendo. Níbi iṣẹ́."

"Mo rí yín lẹ́nu géètì ẹ̀wọ̀n. Mo rí obìnrin tó ń tún fìlà yín ṣe."

Kí Dieudonné tó rí ọ̀rọ̀ sọ, aṣọ ìkélé ká sókè, Bàbá Benoît jáde sí wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì rin fún ooru omi.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," àgbà náà wí. "Èmi kì í lé ẹni tó bá ní òun fẹ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọkùnrin kì í dá nìkan wá tọrọ ìyàwó. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú, Bàbá. Màmá náà ti kú."

"Ta ló kù tó jù ọ́ lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun nìkan."

"Kó wá."

"Kò lè wá, Bàbá."

"Ṣé ara rẹ̀ ni kò yá?"

"Ara rẹ̀ yá."

"Ṣé ó rìnrìn àjò ni?"

"Ó wà nílùú yìí."

Bàbá Benoît fi ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì wò ó títí. "Ẹni tó wà láàyè, tí ara rẹ̀ le, tó wà nílùú, tí kò lè wá tọrọ ìyàwó fún àbúrò rẹ̀: ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí o bá lè sọ èyí tó jẹ́ fún mi ni kí o padà wá."

Dieudonné dọ̀bálẹ̀ fún àgbà náà, ó dìde, ó jáde. Fìlà ọ̀gá ọkọ̀ wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó ti parí, ó ń dán, kò mú un lọ.

Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni Ọmọ́lẹ́wà fi ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Inú bí i, ìfẹ́ sì ń jà á, kò sì mọ èyí tó ń pa á jù. Sàfúrátù ní kó dúpẹ́ pé ó tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Jean-Claude kò dákẹ́ rí. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá mú un, irọ́ tuntun á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Dieudonné kò mọ irọ́ pa. Máńgòrò di àgbọn lẹ́nu rẹ̀ láàárín oṣù kan. Kí ni ẹni tí kò mọ irọ́ pa ń fi irọ́ ṣe?

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún pé, ó gba Derrière la Prison lọ. Dieudonné kò sí níbẹ̀, àwọn eléré ń dánra wò létíkun. Ṣùgbọ́n obìnrin náà dúró sórí ìlà, òun àti abọ́ rẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà lọ bá a tààrà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú, ẹ ò mọ̀ mí."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ wá dúró sórí ìka Ọmọ́lẹ́wà tí abẹ́rẹ́ ti dá ihò sí. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò mọ̀ ọ́? Ìwọ ni onífìlà. Kò sí ìtàn mìíràn lẹ́nu Dieudonné mọ́. Victorine lorúkọ mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

Ọmọ́lẹ́wà sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀wọ̀n?"

"Honoré, ọkọ mi. Ó ti lo ọdún méjì, ó ku ọ̀kan." Victorine gbé abọ́ sí ọwọ́ kejì. "Mo rí i pé kò sọ fún ọ. Èmi á sọ fún ọ, kó ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe fún mi. Ọkọ mi ló fọ́ orí rẹ̀."

Ó sì sọ ọ́. Ní Awendjé ni ilé bàbá wọn wà. Nígbà tí àwọn tó ń la títì ní ọ̀nà tuntun yóò gba ibẹ̀, Honoré fẹ́ kí wọ́n wó ilé náà, kí ìjọba san nǹkan lé e lórí, kó fi ra mọ́tò akẹ́rù. Gbogbo ìlú ń là, òun nìkan kọ́ ni yóò dúró. Dieudonné ní wọn kò ní wó yàrá tí ìyá àwọn kú sí níṣojú òun. Ọ̀rọ̀ di ariwo nínú àgbàlá. Honoré ti mu ọtí. Irin kan wà nílẹ̀.

"Ìgbà tí Dieudonné lajú ní ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé Honoré ti jẹun," Victorine wí. "Láti ìgbà náà kò tíì pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ, àyàfi tòní. Ìdílé méjì ló ti fẹ́ fún un lọ́mọ. Bí wọ́n ṣe gbọ́, wọ́n sá. Ó wá ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọgbẹ́ òun mọ ẹ̀gbọ́n òun mọ́. Ló bá di òpùrọ́."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń tún fìlà rẹ̀ ṣe."

"Èmi ni. Kí Honoré má baà rí àpá náà. Ọjọ́ tó bá rí i, kì í jẹun."

Géètì ṣí, ìlà náà ń lọ. Ọmọ́lẹ́wà dúró sójú kan náà títí Victorine fi wọlé. Ìrọ̀rí tó rí bí èso ẹ̀wà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ló ń rò.

Ọjọ́ Àìkú ni eré ìrántí. Èèyàn kún etíkun, ọkọ̀ olópòó ńlá kan tí wọ́n fi pákó kàn dúró nínú omi tó dé orúnkún, àwọn atukọ̀ ti dé fìlà ọlọ́dà wọn, Jean-Baptiste sì ń sáré kiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń pe ọ̀gá ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ tirẹ̀, lórí iyanrìn, ó wọ kóòtù elébọ́tìnì wúrà, orí rẹ̀ wà lásán. Ọmọ́lẹ́wà yọ sí i pẹ̀lú páálí fìlà.

Dieudonné fò dìde. "Ẹ gbé e wá fún mi?"

"Mo ti rí Victorine."

Ó padà jókòó. Ọmọ́lẹ́wà kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó yọ fìlà náà, ó gbé e lé e lórí, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ìrọ̀rí yóò wọ̀. Ó wọ̀ ọ́. Kò yọ̀.

"Irọ́ mẹ́ta lo pa fún mi," ó wí, kò sì pè é ní ẹ̀yin mọ́. "Máńgòrò. Àgbọn. Owendo."

"Mẹ́rin ni," Dieudonné wí. "Fìlà náà kò fún mi rí. Láti ọjọ́ kejì ló ti bá mi mu. Mo kàn ń wá ni."

Ọmọ́lẹ́wà gbá a léjìká, ẹ̀rín àti ẹkún jọ bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọlọ́run má jẹ́ kí o tún pa ìkarùn-ún. O gbọ́? Mi ò ní bi ọ́ léèrè mọ́, nítorí o ò ní jẹ́ kí n bi ọ́. Ìwọ ni yóò kọ́kọ́ sọ."

"Ó dáa. Mo kọ́kọ́ sọ: ata tí o fi ń jẹ ẹja pọ̀ jù. Mo kàn ń fara dà á ni."

"Dìde, ọ̀gá ọkọ̀. Wọ́n ń pè ọ́."

Ó dìde. Nígbà tó gun orí ọkọ̀ pákó náà tó sì fi ohùn rara ka ìwé òmìnira, àwọn tó wà létíkun hó yèè. Ọmọ́lẹ́wà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń rò.

Ìdí náà ni pé Bàbá Benoît kì í ṣe ẹni tí omijé obìnrin ń yí lọ́kàn padà. Nígbà tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé orí igi tó ń dán sílẹ̀. "Ìdílé tí ẹ̀gbọ́n ti ń fi irin fọ́ àbúrò lórí," ó wí. "Ibẹ̀ ni kí n gbé ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní lọ? Ta ló mọ ẹni tí yóò fọ́ lọ́la? Ìwà ìdílé a máa farapamọ́, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá."

"Mo sọ ọ́."

"Kò lè wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lè lọ. Ẹ lọ wò ó. Bí ẹ bá fojú kàn án, tí ọkàn yín ṣì kọ̀, mi ò ní dárúkọ Dieudonné nínú ilé yìí mọ́."

Àgbà náà ní, "Èmi kì í kúkú gba ohun tí mi ò bá tíì fojú ara mi rí."

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́rin ló tò sẹ́nu géètì: Victorine àti abọ́ rẹ̀, Dieudonné, Ọmọ́lẹ́wà, àti Bàbá Benoît nínú agbádá funfun rẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko. Yàrá ìbẹ̀wò náà gùn, ó sì gbóná, wáyà híhun ló pín in sí méjì. Ní òdì kejì wáyà ni Honoré ti jáde sí wọn, ọkùnrin ńlá tó ti rù, tó ń rìn bí ẹni tó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilẹ̀.

Victorine sọ ẹni tí àlejò náà jẹ́ fún un.

Bàbá Benoît sún mọ́ wáyà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ojú rẹ̀ lè ríran. "Ìwọ lo fọ́ orí àbúrò rẹ?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló jẹ̀bi?"

"Èmi ni. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi."

"Bí wọ́n bá dá ọ sílẹ̀ lọ́la, tí ẹ sì tún jà, ṣé o ò tún ní gbé irin?"

Dieudonné fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbà náà na ọ̀pá, ó dákẹ́. Honoré gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó wò ó, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ ọn lápá.

"Mi ò lè búra fún yín, Bàbá," ó wí. "Ọtí, mi ò ní mu ún mọ́, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí, èmi fúnra mi ò fọkàn tán an mọ́. Àbúrò mi ló fọkàn tán an. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gba abẹ́ wáyà nawọ́ sí i, tó sì ń dì í mú."

Ọmọ́lẹ́wà mọ bàbá rẹ̀: ká ní Honoré búra ni, kì bá tí gbà á gbọ́, ì bá ti jáde. Àgbà náà tú ọrùn agbádá rẹ̀ díẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ẹnì kan ní ilé yín fẹ́ òdòdó kan nínú ọgbà mi," ó wí nígbà tó yá. "Mo ní kí àgbà ilé wá bá mi sọ ọ́. Kò wá. Èmi ni mo wá. Ṣé ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ wà níbí?"

Ó gba Honoré ní ìṣẹ́jú kan kó tó yé e. Lẹ́yìn náà ló wó lulẹ̀ gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì lódì kejì wáyà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Níhà ìhín, Dieudonné náà dọ̀bálẹ̀ tì í, wáyà nìkan ló wà láàárín wọn.

"Bàbá, èmi Honoré, ọmọ Ayọ̀dé, ọmọ káfíńtà Ìmẹ̀kọ," ohùn náà jáde láti ilẹ̀, ó ń já. "Mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa lọ́mọ yín. Mi ò ní ohun tí mo lè gbé wá."

Wọ́dà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà fò dìde, ó ké ní Faransé pé kí ẹlẹ́wọ̀n náà dìde kíá. Victorine sáré bá a sọ̀rọ̀, ó ń tọ́ka sí àgbà náà, ó ń tọ́ka sí Ọmọ́lẹ́wà, títí wọ́dà fi gbọn orí, tó padà jókòó, tó sì na ìka márùn-ún sí wọn pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù.

Bàbá Benoît yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ́lẹ́wà, o rí àwọn tó dọ̀bálẹ̀ yìí. Ṣé kí n gbà?"

"Ẹ gbà, Bàbá."

"Mo tún bi ọ́. O rí ibi tí a wà. Ṣé kí n gbà?"

"Ẹ gbà."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí, èmi ò tún ní bi ọ́ mọ́. Ìwọ tí kì í gba nǹkan kan gbọ́, ṣé kí n gbà?"

Ọmọ́lẹ́wà wo àwọn ọkùnrin méjì tó nà gbalaja sílẹ̀, ìka wọn ti wá ara wọn rí lábẹ́ wáyà.

"Mo gbà á gbọ́, Bàbá," ó wí. "Ẹ ní kí wọ́n dìde."